Ta Ló Ra Ta Níyè?

Màmá mi kì í pariwo lórí fóònù. Bí nǹkan bá ká wọn lára, ohùn wọn á rọlẹ̀ ni, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka Sáàmù lóru. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn náà ṣe rọlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí mo sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni àwọn dókítà fẹ́ fi tọ́jú inú rírun tó ti ń bá mi fínra láti ọdún mẹ́fà. Wọ́n bi mí pé irú ọ̀rọ̀ wo. Mo ní ẹnì kan á ní kí n jókòó, kí n dijú, á máa bá mi sọ̀rọ̀ títí ara mi yóò fi wálẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn náà á wá bá ìfun mi sọ̀rọ̀. Wọ́n dákẹ́. Mo gbọ́ tí fáànù ń yí ní pálọ̀ wọn ní Òṣogbo. Wọ́n wá ní, “Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí o ò mọ ilé bàbá ẹ̀ lo fẹ́ lọ jókòó síwájú ẹ̀, pé kó gba iyè ẹ?”

N kò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù yẹn ń gbé inú tèmi náà.

Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí màmá mi ń sọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta aṣọ òfì. Ó lọ gba owó àjọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Nígbà tó ń bọ̀, ọkùnrin méjì dá a dúró, wọ́n ní àwọn ń wá ọ̀nà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, owó ti lọ, ẹ̀gbà ọrùn ti lọ, ìyá náà sì rìn bọ̀ wálé pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ẹnu ọ̀nà ilé ni ojú rẹ̀ ti wálẹ̀, tó wá figbe ta. Gbogbo àdúgbò ló mọ orúkọ ohun tó ṣe é: gbetugbetu. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti kọ́ wa pé bí àjèjì bá pè wá lórúkọ lójú títì, a kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ, bó bá sì na ọwọ́, a kò gbọdọ̀ bọ̀ ọ́.

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, iyè. Ohun tí a ti gbàgbé tipẹ́, iyè ló ń sọ sí i. Iyè ń ṣí, iyè sì ń ra. Ẹni tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ dì títí tí kò fi mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́ nínú èrò ọkàn rẹ̀, a ní wọ́n ti rà á níyè. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé hypnosis, bí wọ́n ṣe ń pe ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ ẹnu yìí, fún mi, èdè mi ti dá a lẹ́jọ́: olè ni. Ẹnì kan wá, ó mú nǹkan rẹ lọ.

Ìrora ló gbé mi lọ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, iṣẹ́ òru ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Inú mi á wú, á máa kùn, á lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Ìgbà mìíràn n kò ní yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ìgbà mìíràn n kò ní lè jìnnà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ti kámẹ́rà bọ inú mi, wọ́n ní kò sí egbò, kò sí kókó. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní IBS ni. Ìfun kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n òun àti ọpọlọ kò gbọ́ ara wọn yé mọ́: bí ìfun bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, igbe ni ọpọlọ ń gbọ́. Mo lo oògùn oríṣiríṣi. Mo mu àgbo tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé. Mo gbààwẹ̀.

Dókítà tó kọ́kọ́ dárúkọ hypnosis fún mi sọ pé ìlú tí mo ń gbé yìí gan-an ni wọ́n ti dán an wò. Lọ́dún 1984, Peter Whorwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Manchester tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn. Ènìyàn 30 tí àìsàn yìí ti kọ oògùn lára wọn ni wọ́n pín sí méjì. Wọ́n fi hypnosis tọ́jú apá kan. Apá kejì rí ẹni tó ń gbọ́ tẹnu wọn, wọ́n sì ń lo oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Ara àwọn tibí yìí fúyẹ́ díẹ̀. Ara àwọn tí wọ́n fi hypnosis tọ́jú yá gidigidi. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó pe màmá mi.

Yàrá kékeré ni wọ́n ti tọ́jú mi. Kò sí aago tí wọ́n so mọ́ okùn, kò sí iná pupa. Àga méjì, fèrèsé kan, àti obìnrin kan tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ó bi mí léèrè ohun tó ń bà mí lẹ́rù, mo sì sọ ohun tí màmá mi sọ. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí iná bá ràn nínú ilé yìí, èmi ni n óò kọ́kọ́ dìde, pé kò sí ohun tí òun máa sọ tí n kò ní gbọ́, kò sì sí èyí tí n kò lè kọ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe fún mi, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ó ní kí n wo ibì kan lára ògiri títí ojú yóò fi wúwo, kí n dì í nígbà tó bá wù mí. Ó ń ka nọ́ńbà padà sẹ́yìn láti orí mẹ́wàá. Ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún: ó ń fa gbólóhùn gùn, ó ń padà sórí ọ̀rọ̀ kan náà, ibi tí mo bá ti mí jáde ló ti ń dúró. N kò sùn. Mo gbọ́ bọ́ọ̀sì tó dúró níta, mo gbọ́ ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n wọ́n dà bí ariwo ọjà tí èèyàn ń gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé. Ó ní kí n gbé ọwọ́ lé ikùn mi, kí n jẹ́ kó móoru. Ó móoru. Ó ní kí n wo odò kan tó ń ṣàn, tí kò yára jù, tí kò falẹ̀ jù, pé bẹ́ẹ̀ ni kí inú mi máa ṣàn.

Kò dárúkọ odò kankan. Bóyá èyí tó wà lójú tirẹ̀ jẹ́ odò tó mọ́ gaara, tó ń gba àárín òkúta sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè kan ní England. Èyí tó yọ sí mi ni Ọ̀ṣun. Omi aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń gbé ewé gbígbẹ lọ lábẹ́ igi, ọ̀bọ kan lórí ẹ̀ka, àti Ìyá àgbà mi, tí wọ́n ká ìró dé orúnkún, tí wọ́n ń fi igbá bu omi sí mi lórí. Ó ti lé lógún ọdún tí n kò ti rántí rẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi nínú àga yẹn, ikùn mi sì dákẹ́.

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé mi padà sílé, ohun kan ṣoṣo ni mo ń rò. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹni tí yóò mú nǹkan mi lọ. Dípò kí iyè mi ra, ó sọ ni. Odò yẹn kì í ṣe ti obìnrin náà. Kò mọ̀ pé ó wà láyé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kà nípa hypnosis, lórí iṣẹ́ òru, nígbà tí àwọn arúgbó wa bá ti sùn. Ìtàn náà kún fún àwọn ọkùnrin tó gbà pé ọwọ́ àwọn ni agbára wà.

Franz Anton Mesmer ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n bí i lọ́dún 1734 ní ilẹ̀ tó di Jámánì lónìí, ó ṣe dókítà ní Vienna, ó sì kó lọ sí Paris lọ́dún 1778. Ó gbà pé ohun kan tó dà bí omi, tí ojú kò lè rí, ń ṣàn nínú gbogbo ohun tó wà láyé, pé bó bá dí lára ènìyàn ni àìsàn ń dé, àti pé òun lè fi ọwọ́ tú u. Ó kan àgbá onígi ńlá kan tí ọ̀pá irin yọ jáde lára rẹ̀. Àwọn aláìsàn á jókòó yí i ká, wọ́n á gbé irin náà lé ibi tó ń dùn wọ́n. Orin á máa dún láti inú ohun èlò tí wọ́n fi gíláàsì ṣe, Mesmer á sì wọlé nínú aṣọ sílíkì. Àwọn kan á gbọ̀n, wọ́n á sunkún, wọ́n á ṣubú, wọ́n á sì dìde pé ara ti yá.

Lọ́dún 1784, Ọba Louis Kẹrìndínlógún yan ìgbìmọ̀ láti wádìí rẹ̀. Benjamin Franklin, tó jẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Faransé nígbà náà, wà nínú wọn, Lavoisier onímọ̀ kẹ́mísírì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Inú ọgbà ilé Franklin ní Passy ni wọ́n ti ṣe ìdánwò kan tí n kò lè gbé kúrò lọ́kàn. D'Eslon, ọmọ ẹ̀yìn Mesmer, fi agbára rẹ̀ sára igi kan nínú ọgbà náà. Wọ́n wá fi aṣọ di ojú ọmọkùnrin ọdún 12 kan, wọ́n sì mú un lọ sídìí àwọn igi mìíràn, tí kò sí nǹkan kan lára wọn. Nídìí igi àkọ́kọ́ ó ń làágùn, ó ń wúkọ́. Nídìí ìkejì ó ní orí ń dun òun. Nídìí ìkẹta ó tún le sí i. Nídìí ìkẹrin ó dákú. Igi tí d'Eslon fọwọ́ sí gan-an ṣì wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 24 síbi tó ṣubú sí.

Ìgbìmọ̀ náà ní kò sí omi àìrí kankan, pé ohun tí aláìsàn ń rò lọ́kàn ló ń ṣe é. Òótọ́ ni. Àmọ́ wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí, bí ẹni pé ohun tó bá ti ọkàn wá kì í ṣe nǹkan. N kò lè ka ibẹ̀ kí n má rántí gbogbo ọjọ́ tí wọ́n sọ fún mi pé wọn kò rí nǹkan kan nínú mi. Ọmọ ọdún 12 làágùn, ó wúkọ́, ó ṣubú lulẹ̀, nítorí ohun tó gbà gbọ́! Ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ sọ, ó sì ṣe é. Bó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó sínú ìgbìmọ̀ yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. D'Eslon fúnra rẹ̀ ti béèrè ṣáájú pé bó bá jẹ́ pé oògùn tó ti inú ọkàn wá ló dára jù, kí ló dé tí a kò ní máa lò ó?

Lọ́dún 1841 ni ìtàn náà dé Manchester. Charles Lafontaine wá ṣe ìran mesmerism, bí wọ́n ṣe ń pe ohun tí Mesmer ń ṣe, níbí nínú oṣù Kọkànlá. James Braid, oníṣẹ́ abẹ ará Scotland tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìlú yìí, lọ wò ó pẹ̀lú ọkàn pé ẹ̀tàn ni. Ohun tó mú un dúró ni ìpéǹpéjú ẹni tó wà lórí pèpéle, tí kò lè là mọ́. Ó padà sílé, ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tejú mọ́ ọrùn ìgò wáìnì, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ tejú mọ́ abọ́ ṣúgà. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ojú àwọn méjèèjì ti pa dé. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rù bíi tèmi ronú sórí ìgò yẹn. Ìgò kò ní ọ̀fọ̀, kò ní ète, kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ojú tó ń wò ó ló ṣe gbogbo iṣẹ́.

Braid kọ ìwé rẹ̀ lọ́dún 1843, inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí oorun ló sì ti fa orúkọ tí gbogbo ayé ń lò yọ. Nígbà tó yá ó rí i pé orúkọ náà kò bá a mu, nítorí kì í ṣe oorun rárá. Ọkàn tó dúró sórí ohun kan ṣoṣo ni. Ó gbìyànjú láti yí orúkọ náà padà, ẹnu ayé ti gbé e lọ. Ká ní Yorùbá ni, a ti ní ìfọkànsí, kì bá ti wá orúkọ kiri.

Ibi tí ìtàn yìí ti ń dùn mí ni India. Lọ́dún 1845, James Esdaile, dókítà ará Scotland mìíràn, ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ East India Company ní Hooghly nílẹ̀ Bengal. Oògùn tó ń kun ènìyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà. Ẹni àkọ́kọ́ tó fi mesmerism ṣiṣẹ́ abẹ fún jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n tó ní ìpá. Lẹ́yìn rẹ̀ ló ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún iṣẹ́ abẹ, ó gé kókó tó tóbi ju orí ènìyàn lọ, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì jí títí ó fi gé e tán. Ó fi ìyẹn gbayì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń fi ọwọ́ ra aláìsàn fún wákàtí lórí wákàtí nínú yàrá dúdú. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ọmọ Bengal tó ń ràn án lọ́wọ́ ni. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe mú kí n mọ irú wọn: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe é, tí orúkọ rẹ̀ kò sí lára ìwé. Mo tún ń ronú nípa ẹlẹ́wọ̀n náà. Ṣé wọ́n bi í pé ṣé ó fẹ́?

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1846, wọ́n fi ether, oògùn tí aláìsàn ń fà símú títí yóò fi sùn, ṣiṣẹ́ abẹ ní gbangba ní Boston. Nínú oṣù Kejìlá, Robert Liston gé ẹsẹ̀ ọkùnrin kan ní London lábẹ́ ether, ó sì kéde fún àwọn tó ń wò ó pé ọgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà yìí ti fi mesmerism sẹ́yìn pátápátá. Mi ò bá a jiyàn. Ether kì í béèrè bóyá aláìsàn fara mọ́ ọn, gbogbo ènìyàn ló sì ń kùn. Hypnosis kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí yóò gbé wọ inú ibú, àwọn kan wà tí kò ní kàn lára rárá, ọ̀pọ̀ wa sì wà láàárín. Nígbà tó di ọdún 1959, wọ́n ti ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford.

Síbẹ̀, ó padà sínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Lọ́dún 1992 ni Marie-Elisabeth Faymonville, dókítà tó ń kun àwọn aláìsàn lóorun ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Liège ní Belgium, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibi tí wọ́n fẹ́ gé, àti oògùn díẹ̀ tó ń mú ara balẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún níbẹ̀. Wọ́n ń gé gẹ̀gẹ̀ ọrùn, ẹni tí wọ́n ń gé sì lajú inú sílẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n gbé ìwé náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nìyí: kì í ṣe dókítà ló ń yan ibi tí aláìsàn máa lọ. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń mú ọjọ́ kan tó dùn nínú ayé rẹ̀ wá, dókítà á kàn máa bá a rìn nínú rẹ̀.

Lọ́dún 1997, Pierre Rainville àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montreal ní kí àwọn ènìyàn ti ọwọ́ bọ omi tó gbóná tó ìwọ̀n 47 ti Celsius, wọ́n sì ń wo inú ọpọlọ wọn bí wọ́n ṣe ń fi hypnosis sọ fún wọn pé ìnira rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ tàbí ó ń pọ̀ sí i. Ooru omi náà kò yí padà. Apá ọpọlọ tó ń mọ̀ pé nǹkan gbóná kò yí padà. Apá tó ń mọ bí ìrora ṣe ń ni ènìyàn lára ló yí padà bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí. Ìyẹn ni pé àwọn ènìyàn náà kò ṣe bí ẹni tí kò dùn. Mo tẹ ojú ìwé yẹn ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, tó ti sọ rí pé àwọn arúgbó kan ń “ṣe ìrora”.

Kí ló wá dé tí ẹ̀rù rẹ̀ fi pọ̀ tó báyìí, kódà láàárín àwọn òyìnbó? Mo rò pé àwọn ayàwòrán àti àwọn òǹkọ̀wé ló ṣe é. Àwòrán kan wà tí André Brouillet kùn lọ́dún 1887. Charcot, dókítà ńlá ilé ìwòsàn Salpêtrière ní Paris, ń kọ́ àwọn ọkùnrin tó kún yàrá. Blanche Wittmann, aláìsàn rẹ̀, ti tẹ̀ sẹ́yìn sí apá dókítà kan, ọrùn rẹ̀ ti yẹ̀, aṣọ ti bọ́ léjìká rẹ̀. Freud, tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Charcot lọ́dún 1885, gbé ẹ̀dà àwòrán yìí kọ́ sínú yàrá tó ti ń gba àwọn aláìsàn tirẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nínú rẹ̀ ni ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan lápá ọ̀tún. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú láti gba Blanche bó bá ṣubú. Àìmọye arúgbó ni mo ti fi irú ọwọ́ yẹn gbà. Àwọn tó kù ń wò ó. Nọ́ọ̀sì yẹn ń ṣọ́ ọ.

Ó pẹ́ kí n tó rí èkejì. Lẹ́yìn àwọn òǹwòran, lórí ògiri, wọ́n gbé àwòrán obìnrin kan tí ara rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun kọ́, ó sì kọjú sí Blanche. Ohun tí wọ́n ń retí kí ara rẹ̀ ṣe ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀! Hippolyte Bernheim, dókítà mìíràn tó wà ní ìlú Nancy, sọ ọ́ nígbà náà pé àwọn àmì tí Charcot ń fi hàn, Charcot àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn aláìsàn ní wọn, láìmọ̀. Mo gbà pẹ̀lú Bernheim. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ń gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ jáde lẹ́nu.

Lọ́dún 1894 ni ìwé ìtàn Trilby ti George du Maurier jáde, níbi tí ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Svengali ti fi hypnosis sọ ọmọbìnrin tí kò lè kọrin di olórin tí gbogbo Yúróòpù ń sáré tẹ̀lé. Bí Svengali ṣe kú, ohùn ọmọbìnrin náà bá a lọ. Òǹkọ̀wé náà ya Svengali ní Júù pẹ̀lú gbogbo ìkórìíra tó wà nígbà náà, ìkórìíra yẹn sì wà lára ohun tó mú kí àwọn ènìyàn tètè gbà á gbọ́. Fíìmù The Cabinet of Dr. Caligari tẹ̀ lé e lọ́dún 1920, pẹ̀lú olóorun tí ọ̀gá rẹ̀ ń rán lọ pànìyàn. Gbetugbetu tiwọn nìyẹn.

Ìtàn tó yẹ kí wọ́n máa sọ ni ti Rachmaninoff, ọmọ Rọ́ṣíà tó ń kọ orin sílẹ̀. Lọ́dún 1897 ni wọ́n fi yẹ̀yẹ́ ṣáátá símfónì rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè kọ orin mọ́ fún ọdún mẹ́ta. Lọ́dún 1900 ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ Nikolai Dahl, dókítà tó ń lo hypnosis. Lẹ́yìn ìyẹn ló kọ kọnsátò kejì fún dùùrù, tí wọ́n ń lù káàkiri ayé títí di òní, orúkọ Dahl ló sì kọ sórí rẹ̀ pé òun ló ni ọlá rẹ̀. Dahl kò kọ nóòtì kan ṣoṣo níbẹ̀.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ìlù wa, tí òrìṣà fi ń gun ènìyàn, hypnosis ni. N kò fara mọ́ ọn. Mo dàgbà nítòsí ibi tí bàtá ti ń dún. Bó bá jẹ́ pé ìró ìlù nìkan ló ń ṣe é, gbogbo àwa ọmọdé tí a dúró lójúde ni Ṣàngó ìbá máa gùn. Ẹlẹ́gùn ni wọ́n ti múra rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ti fá orí rẹ̀, ó ti mọ oríkì, ó ti mọ ìlù tó ń pè é àti èyí tí kò pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Bahia nílẹ̀ Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà fún ní iaô, tó jẹ́ ìyàwó tiwa, bẹ́ẹ̀ ló sì rí ní Cuba, níbi tí bàtá mẹ́ta, iyá, itótele àti okónkolo, ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pe ìyẹn ní ìfọkànsí lásán ti yọ òrìṣà kúrò nínú rẹ̀, ó sì ti yọ gbogbo ẹbí tó dúró yí ẹlẹ́gùn ká kúrò. Ohun kan ni mo lè mú láti ibẹ̀ wá síhìn-ín: onílù kì í sọ pé òun ló gun ẹnikẹ́ni.

Màmá mi kò sì ṣìnà pátápátá. Àwọn ọlọ́pàá ní Amẹ́ríkà lo hypnosis nígbà kan láti mú kí àwọn ẹlẹ́rìí rántí ohun tí wọ́n rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹlẹ́rìí á jáde pẹ̀lú ìdánilójú tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kódà lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1982, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní California kọ̀ láti máa gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ìyá aláṣọ òfì náà kò parọ́, n kò sì ní sọ láéláé pé ó parọ́. Àwọn ọkùnrin méjì yẹn wá etí rẹ̀, wọ́n rí i, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n ń wá pa mọ́ fún un. Obìnrin inú yàrá kékeré yẹn sọ tirẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹjọ́ California yẹn ló mú kí n béèrè nípa odò náà. Mo ti lọ sínú àga yẹn ní ìgbà mẹ́jọ. Inú rírun náà kò tíì fi mí sílẹ̀ tán, ṣùgbọ́n mo ń jẹ ẹ̀wà, mo ń sùn, mo sì ń wọ bọ́ọ̀sì láìwá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣáájú. Mo pe màmá mi lọ́jọ́ Àìkú kan, mo sọ fún wọn bí Ìyá àgbà ṣe ń bu omi sí mi lórí nínú Ọ̀ṣun.

Wọ́n ní, “Ìyá àgbà wo?”

Mo ní ìyá wọn.

“Ìyá mi ti kú kí o tó mọ ẹsẹ̀ rìn. Èmi ni. O ní ibà lọ́dún náà, ibà ò lọ. Mo gbé ẹ lọ ní ìdájí kí pásítọ̀ má baà rí wa.” Wọ́n dákẹ́. “O rántí igbá náà?”

Mo ní mo rántí igbá náà.

Bí iyè mi ṣe sọ, tó sì tún sọ sí ẹni tí kì í ṣe ẹni náà, mo ṣì ń rò ó. Omi yẹn wò mí sàn pẹ̀lú ojú tí kì í ṣe ojú tó bù ú. N kò rí ìwé tó lè tú u fún mi, n kò sì wá a mọ́.

Ní oṣù tó kọjá, orúnkún màmá mi kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Aago méjì òru ni wọ́n pè, èmi náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní oògùn ti tán, ilé oògùn ò tíì ṣí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, ní ohùn tó rọlẹ̀ yẹn, “Ìyẹn tí òyìnbó ń ṣe fún ẹ. Báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?”

Mo jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní kí wọ́n dijú, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún.

“Odò ni kí n wò?”

“Ohun tó bá wù yín ni, Màmá.”

Mo ń kà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí, mo ń dúró níbi tí wọ́n bá ti mí jáde. Mẹ́jọ. Méje. Mo fẹ́ sọ pé ọwọ́ yẹn ti ń móoru.

“Dákẹ́ ná, Àbẹ̀kẹ́,” ni wọ́n wí. “Mo ti débẹ̀.”